Orin Àtijọ́ àti Orin Àkọ̀tun nínú Fíìmù In the Mood for Love: Àyẹ̀wò Ohun tí Ẹnu Kò Lè Sọ

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́ lórí fíìmù ni ó máa ń dá lórí ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti èdè. Orin a sì gba gbólóhùn kan tàbí méjì péré ní ìparí, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó kàn bu ẹwà kún iṣẹ́. Iṣẹ́ yìí tako irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó ṣe àyẹ̀wò orin inú In the Mood for Love, fíìmù tí Wong Kar-wai darí tí ó sì jáde ní ọdún 2000, níbi tí àwọn orin gbajúmọ̀ àtijọ́ àti orin tí wọ́n dìídì kọ fún fíìmù ti jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìlànà àwítúnwí, èyí tí ó gbilẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, ni iṣẹ́ yìí fi ṣe òdiwọ̀n. Àbájáde rẹ̀ fi hàn pé ẹnu ẹlòmíràn ni àwọn orin olóhùn ẹnu inú fíìmù náà ti ń jáde, àti pé orin tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú ni ó ru ẹrù ọkàn àwọn ẹ̀dá ìtàn méjèèjì.

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Òwe yìí bá fíìmù tí iṣẹ́ yìí dá lé mu, nítorí pé àwọn olú ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohun tí ó sì jẹ wọ́n lógún jù lọ ni wọn kì í sọ rárá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wo fíìmù náà tán yóò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Báwo ni òye náà ṣe dé ọ̀dọ̀ òǹwòran nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́? Ìdáhùn tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ojú nìkan kọ́ ni ó gbé e wọlé. Etí ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Oríṣi orin méjì ni olùdarí fíìmù máa ń lò. Èkíní ni orin àtijọ́, ìyẹn orin tí àwọn ènìyàn ti mọ̀, tí wọ́n ti jó sí, tí wọ́n sì ti fi sọkún kí fíìmù tó wáyé. Irú orin bẹ́ẹ̀ kì í dá wá. Ó máa ń gbé ìtàn ara rẹ̀ dání wá sínú iṣẹ́ tuntun. Èkejì ni orin àkọ̀tun, èyí tí wọ́n kọ ní ìbámu pẹ̀lú àwòrán, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń gé aṣọ fún ọrùn ẹnì kan ṣoṣo. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ni ó ní ewu tirẹ̀. Orin àtijọ́ lè sọ fíìmù di àgbọ̀nrín èṣí tí wọ́n ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀, kí òǹwòran máa rántí ìgbà èwe rẹ̀ dípò kí ó máa ronú lórí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Orin àkọ̀tun, ní ọwọ́ kejì, lè di ìránṣẹ́ tí kò ju kí ó máa sọ fún òǹwòran pé kí ó bẹ̀rù níbí, kí ó sì sọkún lọ́hùn-ún.

Bí olùdarí bá wá kó oríṣi méjèèjì pọ̀ sínú iṣẹ́ kan, ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ béèrè kọjá pé bóyá orin náà dùn. Ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè ni pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú orin kọ̀ọ̀kan, ta ni ó ń gbọ́ ọ, kí ni ìbá sì ṣòfò bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò? Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni ó tọ́ iṣẹ́ yìí sọ́nà.

Òdiwọ̀n Iṣẹ́ yìí

Àwítúnwí jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára àwọn àbùdá tí Ọlátúndé Ọlátúnjí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn Yorùbá, èyí tí ó jáde ní ọdún 1984. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ àwítúnwí lè rò pé ọ̀rọ̀ ni ó tán lẹ́nu akéwì. Àmọ́ orin inú àlọ́ onítàn tako èrò yìí gbangba. Bí ẹ̀dá inú àlọ́ bá ń lọ láti ibodè kan dé èkejì, orin kan náà ni apàlọ́ máa ń dá, ègbè kan náà sì ni àwọn olùgbọ́ ń gbè. Orin kò yí padà, ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn dé ti yí padà. Nítorí náà, orin tí ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ní ibodè àkọ́kọ́ lè di ìkìlọ̀ ní èkejì, kí ó sì di arò ní èkẹta. Ibi tí wọ́n fi orin sí ni ó fún un ní ìtumọ̀ tuntun.

Kókó kejì tí ó ṣe pàtàkì fún òdiwọ̀n yìí ni ti ìlù. Dùndún lè sọ̀rọ̀ láìní ẹnu, nítorí pé èdè Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, ìlù sì lè tẹ̀ lé òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀. Fayolíìnì inú fíìmù tí iṣẹ́ yìí ń gbé yẹ̀ wò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí ó ń tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Bí ó bá wá sọ̀rọ̀ tí òǹwòran sì gbọ́ ọ, ó ní láti jẹ́ pé fíìmù náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ òǹwòran ní èdè náà. Ọ̀nà tí ó gbà kọ́ ọ ni àwítúnwí.

Ìtàn inú Fíìmù náà ní Ṣókí

Ìlú Hong Kong ní ọdún 1962 ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn tí wọ́n ṣí wá láti Shanghai. Ní ọjọ́ kan náà ni Ìyáàfin Chan, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan, àti Ọ̀gbẹ́ni Chow, oníṣẹ́ ìwé ìròyìn, gba yàrá nínú àwọn ilé tí ó fara kanra. Maggie Cheung àti Tony Leung ni wọ́n kó ipa méjèèjì. Ọkọ obìnrin náà máa ń rin ìrìn àjò lọ sí Jàpáànì lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó ọkùnrin náà kì í sábàá sí nílé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n wá mọ̀ pé ọkọ ìkíní àti ìyàwó ìkejì ń yan ara wọn lálè. Olùdarí kò jẹ́ kí òǹwòran rí ojú àwọn alágbèrè méjèèjì yìí rárá. Ẹ̀yìn wọn tàbí ohùn wọn nìkan ni ó máa ń hàn.

Àwọn méjì tí wọ́n dalẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn rìn. Wọ́n ń ṣe àfiṣeré bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn aláṣìṣe náà, wọ́n sì jọ ń kọ ìtàn àwọn jagunjagun fún ìwé ìròyìn. Ìfẹ́ dìde láàárín wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní dà bí àwọn tí ó dalẹ̀ àwọn. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà gba iṣẹ́ lọ sí Singapore. Ní ọdún 1966, ó dúró níwájú ògiri tẹ́ḿpìlì Angkor Wat ní Kàm̀bódíà, ó fi ẹnu sí ihò kan, ó sọ àṣírí rẹ̀ síbẹ̀, ó sì dí i pa.

Ohun tí fíìmù yìí gbé lé ìwọ̀n ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Bí òǹwòran kò bá gbà pé ìfẹ́ náà lágbára, kò sí ohun ńlá nínú bí wọ́n ṣe kó ara wọn níjàánu. Bí wọ́n bá sì sọ ìfẹ́ náà jáde lẹ́nu, ìjàánu náà já nìyẹn. Ìṣòro tí olùdarí gbé lé orin lọ́wọ́ nìyí: kí ó sọ ọ́, kí ó má sì sọ ọ́.

Orin Àtijọ́: Ẹnu Àdúgbò àti Ẹnu Àlejò

Orin àtijọ́ inú fíìmù náà pọ̀, oríṣiríṣi sì ni. Orin eré ìbílẹ̀ Ṣáínà ń ti inú rédíò dún káàkiri ilé, pẹ̀lú ariwo àwọn tí ń ta ayò mahjong. Ìwọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ ibùdó ìtàn. Wọ́n ń fi yé òǹwòran pé inú ilé tí ògiri rẹ̀ létí ni àwọn méjèèjì ń gbé. Ohun tí ẹnì kan bá gbọ́ ní yàrá kan, ó ti di gbígbọ́ ní yàrá kejì.

Orin tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ọ̀wọ́ yìí ni ti Zhou Xuan, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin obìnrin Shanghai tí ó kú ní ọdún 1957. Àkọlé orin náà ní èdè Ṣáínà ni Huayang de nianhua. Ó ń tọ́ka sí àwọn ọdún tí ó tanná bí òdòdó, láti inú rẹ̀ sì ni fíìmù náà ti mú orúkọ tí ó ń jẹ́ ní èdè Ṣáínà. Bí orin yìí ṣe wọ inú ìtàn ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni ó kéde pé Ọ̀gbẹ́ni Chan, tí ó wà ní Jàpáànì, ní kí wọ́n fi orin náà kí ìyàwó òun fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó ń gbọ́. Kámẹ́rà sún kọjá ògiri, ó sì dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Chow tí òun náà jókòó ní apá kejì, tí ó ń gbọ́ orin kan náà.

Ọkọ tí ó dalẹ̀ ni ó ni ìkíni náà. Orin ìfẹ́ ni ó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn tí orin náà bá wí ni àwọn méjì tí ògiri pín níyà, orin ọ̀hún kò sì jẹ́ tiwọn. Èyí ni ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ìran náà. Bí ó bá jẹ́ pé orin àkọ̀tun ni olùdarí lò níbẹ̀, òǹwòran yóò kàn mọ̀ pé inú àwọn méjèèjì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé orin àtijọ́ ni, tí gbogbo ará Shanghai tí ó wà ní Hong Kong mọ̀, ìran náà ru ẹrù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ìgbéyàwó tí ó ti bàjẹ́, ìlú tí wọ́n ti fi sílẹ̀, àti ìfẹ́ tuntun tí kò rí ẹnu sọ̀rọ̀. Kò sí orin tí wọ́n kọ ní àná tí ó lè ru gbogbo rẹ̀.

Orin Nat King Cole ni ọ̀wọ́ kejì. Ará Amẹ́ríkà ni Cole, ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ni ó fi kọ àwọn orin tí wọ́n lò nínú fíìmù yìí. Quizás, Quizás, Quizás àti Te Quiero Dijiste wà nínú àwo Cole Español tí ó jáde ní ọdún 1958. Aquellos Ojos Verdes wà nínú A Mis Amigos ti ọdún 1959. Osvaldo Farrés, ọmọ ilẹ̀ Kúbà, ni ó kọ àkọ́kọ́. María Grever, ọmọ Mẹ́síkò, ni ó kọ èkejì. Nilo Menéndez, ọmọ Kúbà bákan náà, ni ó ṣe ohùn orin ẹ̀kẹta. Cole kò gbọ́ èdè Sípéènì. Bí wọ́n ṣe pe ọ̀rọ̀ náà sí i létí ni ó ṣe pè é.

Ó rọrùn láti sọ pé irú orin bẹ́ẹ̀ kàn ń fi hàn pé ọdún 1962 ni wọ́n wà, nítorí àwọn àwo náà ti wà lórí àtẹ nígbà náà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ wo ìran ilé oúnjẹ níbi tí Aquellos Ojos Verdes ti ń dún. Ọ̀gbẹ́ni Chow béèrè ibi tí obìnrin náà ti ra báàgì rẹ̀. Obìnrin náà béèrè ibi tí ọkùnrin náà ti ra táì ọrùn rẹ̀. Báàgì náà jọ ti ìyàwó ọkùnrin, táì náà jọ ti ọkọ obìnrin. Láìsí ariwo, láìsí ẹkún, àṣírí tú. Ọ̀rọ̀ báàgì àti táì ni ẹnu ń sọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ ni etí ń gbọ́. Lẹ́yìn wọn ni olórin kan ń kọ orin ìfẹ́ ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì sí ohun kankan nínú fíìmù náà tí ó fi hàn pé àwọn tí ó jókòó síbẹ̀ gbọ́ èdè náà. Akọrin kò gbọ́ ohun tí ó ń kọ, olùgbọ́ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ sí i létí, síbẹ̀ gbogbo wọn mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Kò sí àpèjúwe tí ó lè bá ipò àwọn méjèèjì mu ju èyí lọ. Àwọn náà ń sọ èdè tí kì í ṣe tiwọn. Ẹnu ọkọ àti ìyàwó tí ó dalẹ̀ ni wọ́n ń yá lò.

Quizás túmọ̀ sí bóyá. Ní apá ìparí fíìmù náà, nígbà tí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti ń pín, ni orin yìí dé. Àkọlé rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àwítúnwí: bóyá lẹ́ẹ̀mẹta. Ìtàn náà kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ àlejò kan ṣoṣo yìí ni ó gba ipò ìdáhùn tí wọn kò lè fún ara wọn.

Ohùn Fayolíìnì: Àwítúnwí tí Kò Sú Etí

Orin tí ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń rántí jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Yumeji's Theme. Shigeru Umebayashi, ọmọ Jàpáànì, ni ó kọ ọ́. Ijó wọ́ọ̀sì oníṣísẹ̀ mẹ́ta ni. Àwọn okùn tí wọ́n ń fi ìka ta ń dún bí ẹsẹ̀ tí ń rìn, fayolíìnì kan sì ń sunkún lókè wọn. Ó yẹ kí lámèyítọ́ ṣọ́ra níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ń ka orin yìí mọ́ orin àkọ̀tun fíìmù náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fíìmù mìíràn tí ń jẹ́ Yumeji, èyí tí Seijun Suzuki darí ní ọdún 1991, ni Umebayashi kọ ọ́ fún. Àyálò ni, bí àwọn orin Cole ṣe jẹ́ àyálò. Èyí fi hàn pé ààlà tí ó wà láàárín àtijọ́ àti àkọ̀tun kì í ṣe ti ọjọ́ orí nìkan. Bí wọ́n ṣe lo orin ni ó ń sọ orin di tuntun.

Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ ni orin yìí dún. Ó ń padà wá láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù títí kan apá ìgbẹ̀yìn. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, àwòrán a fà, ìrìn a falẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu a sì dákẹ́. Ní àkọ́kọ́, ó dún nígbà tí àwọn aládùúgbò ń ta ayò, tí tọkọtaya méjèèjì ṣì ń kọjá lára ara wọn nínú yàrá tóóró. Nígbà náà, orin yìí kò túmọ̀ sí ohun kan pàtó. Ó kàn sọ fún òǹwòran pé kí ó wò dáadáa. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà gbé fúláàsì oúnjẹ, ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ ra oúnjẹ alẹ́. Ọkùnrin náà ń bọ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n kí ara wọn ní ṣókí, wọ́n kọjá. Orin kan náà ni. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí òǹwòran ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń dá nìkan jẹun lálaalẹ́, ilé rẹ̀ ṣófo. Orin náà ti di orin ìdánìkanwà. Nígbà tí àṣírí ti tú, tí àwọn méjèèjì sì ti di ọ̀rẹ́, orin náà tún padà, kò sì fi ohunkóhun kún ara rẹ̀. Síbẹ̀ ó ti di orin ìfẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni ìdí tí wọ́n fi ń lo orin kan náà léraléra bí ẹni tí kò ní òmíràn. Orin inú àlọ́ ti dáhùn ìbéèrè yìí. Bí ibodè bá yí padà, orin kò nílò láti yí padà. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àìyípadà orin náà ni ó ń fi hàn pé àwọn ẹ̀dá ìtàn ti yí padà, gẹ́gẹ́ bí òpó ilé tí ó dúró sójú kan ṣe ń jẹ́ kí òbí mọ̀ pé ọmọ òun ti ga sí i. Bí ó bá jẹ́ orin tuntun ni wọ́n ń lò ní ìran kọ̀ọ̀kan, òǹwòran kì bá mọ̀ pé ohun kan ń dàgbà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Orin Galasso: Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Tán

Michael Galasso, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ atafayolíìnì àti akọrinsílẹ̀, tí ó kú ní ọdún 2009, ni ó kọ orin àkọ̀tun fíìmù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pariwo. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú fíìmù náà, orin àtijọ́ àti orin Umebayashi ni ó gba iwájú. Ṣùgbọ́n ìparí ni olùdarí fi pamọ́ fún Galasso.

Ní Angkor Wat, ọ̀rọ̀ ẹnu ti tán pátápátá. Ṣáájú ìgbà náà, Ọ̀gbẹ́ni Chow ti sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nígbà àtijọ́, ẹni tí ó bá ní àṣírí yóò gun òkè lọ, yóò gbẹ́ ihò sára igi, yóò sọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, yóò sì fi amọ̀ dí i. Nísinsìnyí ó fi ẹnu sí ihò ògiri. Ètè rẹ̀ ń mì, òǹwòran kò gbọ́ nǹkan kan. Okùn ńlá olóhùn ìsàlẹ̀ nínú orin Galasso ni ó gba gbogbo afẹ́fẹ́. Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Ògiri ilé Hong Kong ti lanu, aláǹgbá ọ̀dàlẹ̀ sì ti wọ ọ́. Ògiri Angkor Wat ni ọkùnrin yìí dí lẹ́nu, kí ohun tí ó fi síbẹ̀ má baà jáde mọ́.

Ibí yìí ni pípa tí wọ́n pa oríṣi orin méjèèjì pọ̀ ti so èso. Bí orin Cole tàbí ti Zhou Xuan bá dún níbi tẹ́ḿpìlì náà, òǹwòran ìbá tún gbọ́ ẹnu ẹlòmíràn. Bí Yumeji's Theme bá sì ni, ìbá kàn jẹ́ ìrántí. Àṣírí náà jẹ́ ti ọkùnrin yìí nìkan. Orin tí kò tíì jẹ́ ti ẹnikẹ́ni rí, tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kò sì ní ìtàn lẹ́yìn, ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó ti ń yá ẹnu lò láti ìbẹ̀rẹ̀ wá rí ohùn tí ó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ mọ́ ni.

Ibi tí Iṣẹ́ náà Kù Díẹ̀ Káàtó

Kò sí iṣẹ́ ọnà tí kò ní àbùkù. Ní apá Singapore, Bengawan Solo ni orin tí ó dún. Gesang, ọmọ Indonésíà, ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1940, Rebecca Pan sì ni ó kọ èyí tí wọ́n lò. Lójú ẹsẹ̀, orin yìí kò ju àmì ojú ọ̀nà lọ: ó kàn ń kéde pé Hong Kong ti di ẹ̀yìn, pé ilẹ̀ mìíràn ni ìtàn dé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí orin Zhou Xuan ṣe, tirẹ̀ fúyẹ́. Ohun tí ó gbè é ni pé Rebecca Pan yìí kan náà ni ó kó ipa Ìyáàfin Suen, onílé tí ó kìlọ̀ fún Ìyáàfin Chan pé ìjáde rẹ̀ ń pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò gbọ́ pé ohùn tí ń ṣọ́ wọn nílé ti tẹ̀ lé wọn dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí kò mọ̀ ọ́n kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ fíìmù náà kò ràn án lọ́wọ́.

Àbùkù kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn fayolíìnì náà dùn, aṣọ obìnrin náà rẹwà, ìrìn rẹ̀ sì falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìrora fi lè di ohun tí ènìyàn ń gbádùn. Òǹwòran lè máa retí kí orin tún padà, kí ó sì gbàgbé pé ìgbéyàwó méjì ni ó ń wó lulẹ̀. Wong kò yọ nínú ewu yìí pátápátá. Ohun tí ó dín in kù ni pé orin náà máa ń já lójijì, tí ariwo ilé, òjò tàbí ago tẹlifóònù yóò sì gba ipò rẹ̀. Adùn náà kì í pẹ́ tó láti di oògùn oorun.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Àǹfààní fíìmù yìí fún ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni pé ó jẹ́ kí ìbéèrè lórí orin ṣe é dán wò nínú kíláàsì. Olùkọ́ lè fi ìran àtẹ̀gùn han akẹ́kọ̀ọ́ láìsí ohùn, kí ó sì ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ohùn sí i, kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àkọsílẹ̀ méjèèjì ni iṣẹ́ orin. Irú ìdánwò yìí yóò gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ gbólóhùn tí ó ti di kíkọ́sórí, pé orin bu ẹwà kún eré.

Òdiwọ̀n kan náà ṣe é lò fún fíìmù Yorùbá. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, olórin máa ń sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tàbí kí ó tilẹ̀ sọ ohun tí ó ń bọ̀ wá ṣe. Àṣà yìí ní gbòǹgbò nínú orin àlọ́ àti nínú eré orí ìtàgé, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé: nígbà tí orin ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, kí ni ó kù fún òṣèré láti ṣe, kí sì ni ó kù fún òǹwòran láti rò? Ìbéèrè yìí kò sọ pé ọ̀nà kan ni ó dára tí èkejì sì burú. Ó ń fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé yíyàn ni, àti pé yíyàn kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń náni.

Àgbálọgbábọ̀

Fíìmù In the Mood for Love gba ọ̀wọ̀ láti ìgbà tí ó ti jáde. Tony Leung gba ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tí ó pegedé jù lọ ní Cannes ní ọdún 2000. Nínú ìbò àwọn lámèyítọ́ tí ìwé ìròyìn Sight and Sound ṣe ní ọdún 2022, ipò karùn-ún ni fíìmù náà wà láàárín gbogbo fíìmù àgbáyé. Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdí kan pàtàkì fún ọ̀wọ̀ náà wà nínú bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ fún orin. Orin àtijọ́ olóhùn ẹnu ń sọ̀rọ̀ fún ìlú, fún ìgbà àti fún ọ̀dàlẹ̀. Orin Umebayashi, nípa àwítúnwí, kọ́ òǹwòran ní èdè ọkàn. Orin Galasso gba ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn, ó sì gbé e sínú ògiri.

Nítorí náà, orin inú fíìmù yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni yóò kù. Orin ni ó jẹ́ kí òǹwòran mọ ohun ńlá tí wọ́n gbé pa mọ́, àti iye tí ó ná wọn láti gbé e pa mọ́.